Olóòótọ́ Orí Pápá Àwo

Bí o bá ń wá ọkùnrin tó ń gé kọ́kọ́rọ́ ní ibùdókọ̀ wa, ikùn rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò. Ikùn yẹn ló máa ń yọ lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù kí ojú rẹ̀ tó yọ. Ṣọ́ọ̀bù náà kò ju ibi tí ẹnì kan lè jókòó sí lọ: ẹ̀rọ tó fi ń gé kọ́kọ́rọ́ wà lápá ọ̀tún, àwọn kọ́kọ́rọ́ tí kò tíì gé wà lórí ìṣó lápá òsì, ó sì jókòó sáàárín wọn lórí àga tí tìmùtìmù rẹ̀ ti fàya. Ẹni àádọ́ta ọdún ó lé díẹ̀ ni. Kì í mutí, kì í jà, kì í sì í parọ́ fún oníbàárà. Bó bá ba kọ́kọ́rọ́ rẹ jẹ́, yóò sọ fún ọ pé òun ló bà á jẹ́, yóò sì gé òmíràn. Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí, ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Ìdí nìyẹn tí ohun tó ṣe fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi dùn mí, tó sì tún bí mi nínú.

Ìyá kan náà ló bí wọn. Bíríkìlà ni ẹ̀gbọ́n, ọkùnrin gìrìpá tó máa ń gbé búlọ́ọ̀kù méjì lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni gbé ìrọ̀rí. Nígbà tí bàbá wọn kú, òun ló tọ́ àbúrò rẹ̀, òun ló mú un lọ kọ́ iṣẹ́ kọ́kọ́rọ́. Ìyàwó bíríkìlà ti di olóògbé, ó wá ku òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé búrẹ́dì. Lọ́jọ́ kan lórí iṣẹ́, àrùn rọpárọsẹ̀ gbé bíríkìlà ṣánlẹ̀. Ọ̀rọ̀ padà sí i lẹ́nu, ọwọ́ òsì padà díẹ̀, àmọ́ ẹsẹ̀ òsì kọ̀ jálẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ sọ fún wọn pé kò sí oògùn méjì. Kí wọ́n máa gbé e dìde ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo, kó máa rìn láti ẹnu ọ̀nà yàrá dé ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó sì rìn padà. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ lórí ìjókòó, ẹsẹ̀ yóò gan, kò sì ní rìn mọ́ láé. Ọmọbìnrin ò lè gbé bàbá rẹ̀, ìrọ̀lẹ́ sì ni iṣẹ́ tirẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Àbúrò ló fọwọ́ sọ̀yà.

"Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi," ó ní. "Bí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń bọ̀ tààrà."

Ó sì wá lóòótọ́ fún ìgbà díẹ̀. Á ki èjìká bọ abẹ́ apá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, á gbé e dìde, wọ́n á máa wọ́ lọ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀gbọ́n á máa làágùn, á máa bú ẹsẹ̀ náà bí ẹni ń bú ọmọ ọ̀lẹ. Nígbà mìíràn omi á dà lójú rẹ̀, á wá sọ pé òógùn ni. Èyí ni àbúrò ò lè gbà mọ́ra. Ọkùnrin tó gbé e sí èjìká nígbà tó wà ní kékeré ló ń sunkún lórí èjìká rẹ̀ yìí.

Pápá kan wà láàárín ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti ilé ẹ̀gbọ́n. Àwọn kan máa ń ju àwo níbẹ̀ nírọ̀lẹ́. Àwo ike pẹlẹbẹ ni, tí kò tóbi ju ìdérí ìkòkò lọ. Wọ́n ri òpó irin mọ́lẹ̀ káàkiri pápá, wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ irin sórí òpó kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì so ṣéènì yí i ká. Ẹni tó bá fi jíjù tó kéré jù lọ ju àwo rẹ̀ wọ inú gbogbo apẹ̀rẹ̀ ló borí. Ọkùnrin wa ti ń kọjá lára wọn tipẹ́, ó sì máa ń mi orí pé àwọn wọ̀nyí ò níṣẹ́ ṣe. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àwo kan já bọ́ síwájú ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa jù ú padà!" Obìnrin kan ló ń ké sí i, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó dé fìlà ọmọdé.

Ó jù ú. Àwo náà fò, ó tẹ́ lórí afẹ́fẹ́, ó yí díẹ̀, ó sì lọ balẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lẹ́bàá apẹ̀rẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ta ló ti pàtẹ́wọ́ fún oníkọ́kọ́rọ́ rí? Inú rẹ̀ dùn débi pé ó tijú.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tíṣà kọ́ ọ pé ìbàdí ni wọ́n fi ń ju àwo, kì í ṣe apá. Ó ra mẹ́ta, ó sì ń kó wọn sábẹ́ irinṣẹ́ nínú àpò, nítorí àgbàlagbà tó bá ń ju àwo nínú pápá, ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu ayé. Ó kọ́kọ́ ń jù ú díẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n. Nígbà tó yá, ó ń jù ú títí yóò fi pẹ́. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, tí àwọn eléré ń fi ojú ọjọ́ tó dá ṣeré dáadáa, ó tẹ ẹ̀gbọ́n láago.

"Ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ pọ̀ lónìí o."

"Kò burú," ẹ̀gbọ́n dáhùn. "Ọlọ́run á fún ẹ ṣe."

Lọ́jọ́ kejì ojú tì í láti tún pa irọ́ kan náà, nítorí náà kò pè rárá. Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà ilé ẹ̀gbọ́n ń ṣòro fún un sí i. Kí ló fẹ́ sọ bó bá débẹ̀? Pápá kò bi í ní nǹkan kan, pápá ló sì ń lọ. Bó bá délé, ìyàwó rẹ̀ á béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n ńkọ́?" Á ní, "Wọ́n ń gbádùn. A rìn díẹ̀ lónìí." Á wá gbé ojú sí abọ́ oúnjẹ títí á fi tán.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó burú jù. Eré àwo yìí kò ní rẹfirí. Bí ẹsẹ̀ rẹ bá kọjá ìlà nígbà tí o ń jù ú, ìwọ fúnra rẹ ni wàá sọ ọ́, wọ́n á sì fi jíjù kan kún tìrẹ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí oníkọ́kọ́rọ́ fẹ́ borí gbogbo wọn fún ìgbà àkọ́kọ́, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ìlà kọjá. Ojú àwọn tó kù wà lọ́dọ̀ àwo. Kò sẹ́ni tó rí i.

"Ẹsẹ̀ mi kọjá," ó kígbe. "Ẹ fi kan kún tèmi."

Bó ṣe pàdánù nìyẹn. Tíṣà bọ́ fìlà rẹ̀, ó tẹrí ba fún un níwájú gbogbo wọn. "Láti òní lọ," ó ní, "Olóòótọ́ lorúkọ yín níbí."

Wọ́n ń pariwo orúkọ náà, ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bí ẹni fi ata kun ojú ló ń ṣe é. Lọ́jọ́ yẹn ó gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ sílé, kó má baà kọjá lábẹ́ fèrèsé ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ti oníkọ́kọ́rọ́ kò tó ogún ọdún. Àwọn eléré àwo máa ń kọ nọ́ńbà fóònù sẹ́yìn àwo wọn, kí ẹni tó bá rí i he lè pè wọ́n. Ọ̀kan nínú tirẹ̀ wọ igbó lọ lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n wá a títí, wọn ò rí i. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì ó gbàgbé fóònù rẹ̀ sílé, fóònù sì dún. Ìyàwó rẹ̀ ló gbé e.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé ilé Olóòótọ́ nìyí?"

"Olóòótọ́ wo?"

"Bàbá tó ń gé kọ́kọ́rọ́. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mo ti rí àwo wọn tó sọnù."

"Mà, àwo wa pé nínú kíṣìnnì."

Tíṣà bú sẹ́rìn-ín, ó sì fi inú kan ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Ó ní kò sí ìrọ̀lẹ́ tí Olóòótọ́ kì í wá. Ó ní àná pàápàá, àwọn jọ wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìyàwó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá pe ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ó béèrè bóyá àbúrò dé ọ̀dọ̀ wọn lánàá.

"Ó dé," ẹ̀gbọ́n dáhùn. "Ó pẹ́ níbí gan-an ni. A rìn dáadáa."

Nígbà tí ọkọ wọlé nírọ̀lẹ́, ìyàwó kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

"Olóòótọ́, ẹ kú iṣẹ́ o," ó ní. Ọkọ dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà, àpò ṣì wà léjìká rẹ̀. "Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ìdílé yín, ẹ̀gbọ́n yín ò parọ́ fún mi rí. Wọ́n parọ́ fún mi lónìí, torí tiyín. Nọ́ọ̀sì ń bọ̀ wá wo ẹsẹ̀ wọn lọ́la. Mo rò pé ó yẹ kí ẹ wà níbẹ̀."

Ọkọ ti rò pé òun nìkan ló ń parọ́. Kò mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ń bá òun gbé e láti ọjọ́ yìí wá. Ó dùbúlẹ̀ láìjẹun, ojú ń tì í títí dé inú òkùnkùn tí ẹnikẹ́ni ò ti lè rí i.

Lọ́jọ́ kejì ó ti ṣọ́ọ̀bù pa láàárọ̀. Ẹ̀gbọ́n wà lórí àga lẹ́bàá fèrèsé, aṣọ bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wo àbúrò rẹ̀ láti òkè délẹ̀.

"Wọlé. Ikùn ẹ mà ti ń lọ! Ara ẹ ti jí pépé."

Àbúrò dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dárí jì mí."

"Dìde, ilẹ̀ tutù."

"Kí ló dé tí ẹ ò fi sọ fún wọn pé mi ò wá mọ́?"

"Kí n sọ kí ni? Kí ìyàwó ẹ fi etí fà ẹ́ wá síbí? Mi ò fẹ́ ẹni tí wọ́n fà wá. Ìwọ fúnra ẹ ni mò ń retí." Ó wo ìta fèrèsé. "Mo sì ti rò ó pé ẹni tó bá ń rí mi báyìí, ó lè má fẹ́ padà wá."

Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, nọ́ọ̀sì dé, ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n tẹ̀ lé e wọlé. Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀, ó di orúnkún náà mú, ó fẹ́ ká a. Kò ká. Ó tún gbìyànjú, ẹ̀gbọ́n sì fi eyín gé ètè.

"Ṣé wọ́n ń rìn ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo bí mo ṣe wí?"

"Wọ́n ń rìn," ọmọbìnrin dáhùn. "Bí mo bá ti lọ síbi iṣẹ́ ni Bàbá Kékeré máa ń dé. Bàbá mi máa ń sọ fún mi."

Nọ́ọ̀sì mí kanlẹ̀. "Mi ò ní tàn yín. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ tí wọ́n ń fi rìn lójoojúmọ́ ló wà báyìí, a jẹ́ pé ibi tó máa dé ló dé yìí. Kí ẹ máa wá kẹ̀kẹ́ tí wọ́n á máa jókòó sí." Ó wá yíjú sí àbúrò. "Ẹ ṣé gan-an, sà. Ẹ ti ṣe tiyín."

Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n, èyí tó ṣì lágbára, di ọrùn ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú lábẹ́ aṣọ. Ó ń fún un. Ohun tó ń sọ yé e: dákẹ́, bo ara rẹ láṣìírí. Bó bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ọmọbìnrin ń wò ó pẹ̀lú ọpẹ́ lójú, ìyẹn ló sì fọ́ ọ.

"Wọn ò rìn," ó ní.

"Ẹ ní kí ni?"

"Mi ò wá. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, mi ò wá rárá. Eré ni mo lọ ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi ń bò mí láṣìírí ni."

Ó dúró de èébú, ó ti múra sílẹ̀ fún un. Nọ́ọ̀sì tún di orúnkún náà mú, ó tẹ̀ ẹ́ níbí, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Ọlọ́run mà ṣeun o! Ẹsẹ̀ yìí ò tíì kọ iṣẹ́, wọn ò fún un níṣẹ́ ni! Ó ti gan, ó máa dùn wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì máa pẹ́. Àmọ́ a ò tíì débi kẹ̀kẹ́. Ó yá, ẹ gbé wọn dìde."

Àbúrò ki èjìká bọ abẹ́ apá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n gbé ẹsẹ̀ kan, ó sì ké. Igbe yẹn dún nínú etí àbúrò, kò sì sí ẹni tó lè bá a pín in. Nọ́ọ̀sì ń yọ̀, ẹ̀gbọ́n pàápàá ń rẹ́rìn-ín láàárín omijé, òun nìkan ni kò lè gbé ojú sókè. Wọ́n dé ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n padà, ó sì gbé e jókòó.

Ọmọbìnrin ló sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Láti kékeré tó ti mọ ọ̀rọ̀ í sọ, Bàbá Kékeré ló ń pè é, kò pè é ní sà rí. Ó di ilẹ̀kùn mú, kò wo ojú rẹ̀.

"Ṣé ẹ ń bọ̀ lọ́la, sà?"

"Mò ń bọ̀," ó dáhùn.

Ọmọbìnrin ní ó dáa, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn.