Abìrùpupa Kú Kí N Tó Dé Ìwó

Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú yẹn níwájú mi, títí di òní, inú mi á ru. Àwọn òyìnbó ilẹ̀ Yúróòpù tó ni ín fún un ní orúkọ gígùn kan tí ahọ́n wa kì í pè dé ìdí. Àwa ọmọ Yorùbá tó wà ní Chicago ń pè é ní Abìrùpupa, nítorí ìrù rẹ̀ pupa fòò, o ó sì ti rí i láti òkèèrè láàárín yìnyín pápá ọkọ̀ òfurufú O'Hare.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wa taksí, kò sẹ́ni tó ka ọkọ̀ yẹn sí. Ẹni tó dá a sílẹ̀ kì í wọ táì. Ẹ̀rín ló máa ń rín nínú ìwé ìròyìn, tí á ní tálákà náà lẹ́tọ̀ọ́ láti fò. Wọ́n á gbé wa láti Chicago dé ìlú wọn ní Yúróòpù, wọ́n á tún fi ọkọ̀ mìíràn gbé wa láti ibẹ̀ dé Èkó. Kò wọ́n, ṣùgbọ́n ẹrù gan-an ni wọ́n fi rí wa mú. Àwọn ọkọ̀ yòókù a máa wọn ẹrù wa bí ẹni ń wọn wúrà. Ní ti Abìrùpupa, wọ́n á kàn wò ọ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì gbé e wọlé. Mo fojú mi rí ẹni tó kó táyà mọ́tò lọ sílé. Mo rí nọ́ọ̀sì kan láti Naperville tó di odidi ẹ̀rọ ìfọṣọ mọ́ ẹrù rẹ̀. Ẹni tó ti Améríkà dé lọ́wọ́ òfìfo, kí ló fẹ́ sọ fún àwọn ará ilé?

Àgbàlagbà kan ló ń bá wọn ta tíkẹ́ẹ̀tì láàárín wa. Ìlú Lansing, lẹ́bàá Chicago níbẹ̀, ló ń gbé, ibẹ̀ la sì fi ń pè é: Ẹ̀gbọ́n Lansing. Tí a bá ti kírun Jímọ̀ tán, á dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, á máa fi Abìrùpupa yangàn bí ẹni pé òun ló bí i. “My brother, kò sí airline tó tó èyí o,” ni á wí. “Ká ní ilé ẹ wà ní àjà kejì ọ̀run, wọ́n á jù ẹ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.” A ó rẹ́rìn-ín, a ó sì ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Nígbà tó yá, ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra ga. Wọ́n ra àwọn bàbá ọkọ̀ tí kì í kún. Wọ́n ṣí ọ́fíìsì sí àárín ìlú, kápẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ ń gbé bàtà mì. Wọ́n ń fò lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò rán wọn. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún òyìnbó tó ń rẹ́rìn-ín? Kò pẹ́ tí oúnjẹ inú ọkọ̀ fi dín kù, tí ìjókòó ń ya, tí ọkọ̀ àárọ̀ ń gbéra nírọ̀lẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo gbé méjì nínú àwọn ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ náà. Ọ̀kan ń sunkún. Ó ní hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n máa ń sùn sí ti lé wọn jáde, pé ilé iṣẹ́ wọn kò sanwó mọ́. Mo sọ fún Ẹ̀gbọ́n Lansing. Ó ní, “Don't mind them, àbúrò. Àwọn competitor ló ń gbé rumour kiri.”

Ọ̀rọ̀ wà báyìí nígbà tí Àǹtí mi pè mí. Àǹtí yìí ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, òun ló ń tọ́jú bàbá wa ní Ìwó. Ó ti wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn kó tó rí tẹlifóònù pè.

“Bàbá ń ṣàárẹ̀ díẹ̀,” ló wí. “Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí ẹ.”

“Àárẹ̀ wo, Àǹtí?”

“Ara gbígbóná ni. Ṣáà máa bọ̀.”

Láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé ni n kò tíì fojú kan bàbá mi. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́: kí n dọ̀bálẹ̀ níwájú wọn, kí wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí. Àwa Mùsùlùmí kì í fi òkú falẹ̀, a kì í tọ́jú rẹ̀ de ẹni tó wà lókè òkun. Bí n kò bá bá wọn láàyè, iyẹ̀pẹ̀ ni n óò bá. Ìyẹn ni mo ń rò bí mo ṣe ń di ẹrù.

Ẹ̀gbọ́n Lansing fúnra rẹ̀ ló mú tíkẹ́ẹ̀tì wá fún mi, òun náà ló fi mọ́tò gbé mi dé O'Hare, ohun tí kì í ṣe fún ẹnikẹ́ni. Kò yangàn lọ́jọ́ náà. Ó di ọwọ́ mi mú títí, ó ní, “Ọkùnrin ni ẹ́ o.” Mo rò pé àdúrà ìrìn-àjò ni.

Ìgbà tí a balẹ̀ sí ìlú wọn ní Yúróòpù, kò sẹ́ni lẹ́yìn káńtà. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ gíláàsì: Abìrùpupa ti wọ gbèsè, ó ti kógbá sílé, kò ní fò mọ́. Láti ojú fèrèsé à ń wo àwọn ọkọ̀ náà níta tí wọ́n tò jọ, ọlọ́pàá dúró tì wọ́n. A kò ní físà tí a lè fi jáde, kò sì sí ọkọ̀ tí a lè fi padà. Orí ẹrù ni a sùn fún bí ọjọ́ mẹ́wàá. Inú ọpọ́n ìfọwọ́ ni mo ti ń ṣe àlùwàlá, àwọn òyìnbó á máa wo ẹsẹ̀ mi bí ẹni pé mo fẹ́ sè é. Lẹ́yìn ìrun kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ kan náà ni mò ń bá Ọlọ́run sọ: wò wọ́n sàn, dá wọn sí dè mí.

Mo pe Ẹ̀gbọ́n Lansing. Mo bú u débi pé àwọn tó tò sẹ́yìn mi ń yọjú wò mí. “Tí bàbá mi bá kú kí n tó dé, ọrùn yín ló wà!” Mo retí pé kó bú mi padà, nítorí kì í gba ìgbàkugbà. Ó kàn ní, “Bú mi, àbúrò. It's okay. Máa bú mi lọ.”

Ọkọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn ló padà ṣàánú wa. Nígbà tí mo dé Ìwó, wọ́n ti ṣàdúà ọjọ́ kẹjọ. Àǹtí mi dì mọ́ mi. “Ìgbà tí o wà lọ́nà ni wọ́n dákẹ́,” ló wí. “Orúkọ ẹ ni wọ́n ń pè títí ẹ̀mí fi bọ́.” Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára bí abẹ́rẹ́ tí a kò rí yọ.

Mo padà sí Chicago pẹ̀lú ìkórìíra. Gbogbo èrò tó bá wọ taksí mi ló gbọ́ pé Abìrùpupa ló gba bàbá mi lójú mi. Mo kà á nínú ìwé ìròyìn pé ẹni tó dá a sílẹ̀ ti ra oko, ó ń sin ẹṣin, ẹ̀rín yẹn ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Mo fi í ré. Ní mọ́ṣáláṣí, mo ń kí Ẹ̀gbọ́n Lansing bí ẹni ń kí òpó iná.

Ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, mo bẹ àwọn ará ilé pé kí wọ́n fi kásẹ́ẹ̀tì ìsìnkú bàbá mi ránṣẹ́. N kò gbọ́ wáàsí yẹn rí, ó sì ń wù mí. Ẹnìkan mú un wá. Mo fi í sínú rédíò taksí mi lọ́sàn-án, ní ibi tí a ti ń dúró de èrò ní O'Hare. Mo gbọ́ àdúà, mo gbọ́ ìró ṣọ́bìrì nínú iyẹ̀pẹ̀. Wáàsí parí, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbà á sílẹ̀ gbàgbé láti pa ẹ̀rọ. Mo wá gbọ́ ohùn Ááfà àgbà, tó ní: “Tí ẹ bá fẹ́ pe ọmọ wọn tó wà ní Améríkà lónìí, ẹ má sọ fún un o. Ẹ ní wọ́n ń ṣàárẹ̀ ni. Ọ̀nà jìn, kó má lọ kú sọ́nà.” Àǹtí mi dáhùn pé, “A ti gbọ́, Ááfà.”

Mo wa mọ́tò lọ tààrà sí Lansing. Ẹ̀gbọ́n ṣílẹ̀kùn, ó rí ojú mi, ó sì jókòó.

“Kí wọ́n tó pè ọ́ ni wọ́n ti pè mí,” ló wí. “Wọ́n ní kí n má jẹ́ kó o dá wà. Àbúrò, that's how we do it. Ìwọ náà mọ̀.”

“Ẹ jẹ́ kí n bú yín lọ́jọ́ yẹn.”

“Ó sàn kó o bínú sí ọkọ̀ òfurufú.”

Mo mọ àṣà náà. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni wọ́n pè é, mo sì mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ní ìkà nínú. Ṣùgbọ́n Abìrùpupa, onírọ́ yẹn, nígbà tó kú, ó lẹ ikú rẹ̀ mọ́ gíláàsì kí gbogbo ayé kà á. Àwọn tí mo bá jẹun nínú àwo kan náà kò lè ṣe tó bẹ́ẹ̀ fún mi. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Ẹ̀gbọ́n. Ó ní kí n mu omi.

N kò mu ún. Mo dúró sí àárín pálọ̀ rẹ̀, ohun tí mò ń rò ni ilẹ̀ pápá ọkọ̀ yẹn, èmi lórí ìkúnlẹ̀, tí mò ń bẹ Ọlọ́run pé kó wo òkú sàn. “Forí jì wọ́n” ló yẹ kí n máa wí. Ní gbogbo ìrun yẹn, bàbá mi wà nínú ilẹ̀, wọ́n ń retí àdúà ọmọ wọn, èmi sì ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ ibà.