Eku Ya Fọ́tò Orí, Bàbá Adéríbigbé Gba Kúẹ́rì

Ọ̀nà oko Ìrẹsà ni wọ́n ti bá òkú Bàbá Samuel Adéríbigbé, lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n jáde nílé tí wọn ò mọ̀nà padà. Àgbàdo gbígbẹ ló kún àpò ṣòkòtò wọn. Àwọn àgbẹ̀ tó rí wọn rò pé wọ́n jalè lóko ni. Oúnjẹ eku ni. Ibi iṣẹ́ ni wọ́n ń lọ.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi tọ́jú eku funfun nílé ìwádìí kan nítòsí àdúgbò Under G, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àrùn ìgbàgbé tó ń ba ọpọlọ àgbàlagbà jẹ́ ni àwọn Ọ̀jọ̀gbọ́n ibẹ̀ ń wádìí. Wọ́n á fi àrùn náà ṣe eku, wọ́n á wá gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ wọn l'Ọ́yọ̀ọ́, kí ó ya àwòrán inú orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀rọ tó rí nǹkan kan, Bàbá ti rí i. Wọ́n á ní, "Dókítà, eléyìí ò mọ ibi tí omi rẹ̀ wà mọ́ o. Ẹ lọ ya fọ́tò ẹ̀." Wọn kì í ṣì í. Kí wọ́n tó gbé eku, wọ́n á kọ́kọ́ fọwọ́ ra ọwọ́ títí á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí òtútù má baà já a láyà. Èmi tí mo ń gbálẹ̀ níbẹ̀ fẹ́ràn bàbá yẹn.

Nígbà tó yá, Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ àwọn eku inú kéèjì kan lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á gbàgbé èkejì. Kí ni àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbàgbé wa ṣe? Wọ́n kọ kúẹ́rì sí Bàbá, pé kí wọ́n wá wí tẹnu wọn. Bàbá gbàgbé láti fèsì, wọ́n kọ òmíràn, wọ́n sì lé wọn lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ wo ọgbọ́n o. Eku gbàgbé omi, wọ́n gbé e wọ ọkọ̀ tó ní éésì. Èèyàn gbàgbé eku, ó di ọ̀lẹ.

Rúùtù, ọmọ wọn tó ń ránṣọ l'Ọ́jà Igbó, lọ kúnlẹ̀ fún Ọ̀gá ilé ìwádìí náà. Èmi náà wà níbẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa ya orí bàbá mi."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Mádáàmù, ẹ̀rọ eku ni. Orí èèyàn ò lè wọ̀ ọ́."

"Ẹ wá kọ lẹ́tà fún wa lọ sí ọsibítù, sà."

"Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló padà lọ, kò rí lẹ́tà gbà. Nígbà tí ẹnikẹ́ni ò ṣàlàyé fún wọn, wọ́n gbà nílé pé ìrònú iṣẹ́ tó bọ́ ló ń da Bàbá láàmú. Ta ló sọ fún wọn pé àìsàn ni, pé wọn ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí Bàbá dá jáde? Àwọn tó mọ̀ ọ́n jù ní gbogbo ìpínlẹ̀ yìí pa ẹnu mọ́.

Kò sí ìkankan nínú wọn níbi ìsìnkú. Bẹ́ẹ̀, tí eku bá kú lọ́dọ̀ wọn, ìwé ńlá kan wà tí wọ́n ń kọ ọ́ sí: nọ́ńbà rẹ̀, ọjọ́ tó kú, ohun tó pa á.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ mọ ara yín. Ẹ gba kúẹ́rì méjèèjì padà ní gbangba, kí ẹ sì fọwọ́ síwèé pé aláìsàn ni bàbá yìí, wọn kì í ṣe ọ̀lẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ìwé òkú eku yín. Ẹ kọ Samuel Adéríbigbé síbẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n kú. Níbi tí ẹ ti ń kọ ohun tó pa á, ẹ kọ orúkọ yín.