Mọ́tò Tó Ń Takìtì Tó Ń Dìde

Bí mo bá gbọ́ tí ẹnìkan ń fi ẹnu fọn fèrè mọ́tò, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ni mo máa ń rántí. Takisí ló ń wà láti Òkìtìpupa sí Igbotako, kì í sì í sáré. Bí èrò bá ń kánjú, á ní, "Ẹ fara balẹ̀, ọ̀nà ò ní sá lọ." Gbogbo wa la mọ ìdí rẹ̀. Mọ́tò rẹ̀ ti dojú dé rí lọ́nà Ìkọ̀yà, ọmọ tí ìyá kan nínú ìjọ wa bí sì kú nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n tó bá ti jókòó ti géèmù eré mọ́tò àtijọ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi, ẹlòmíì ni. "Píípíí! Yà fún mi!" Gbogbo ara ló fi ń yà kọ́nà. Ó ní ohun tó dùn jù níbẹ̀ ni pé bí mọ́tò bá takìtì, á tún dìde.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ó ti ìsìn wá tòun ti sùtánà, láìwọ bàtà, bí àwa Aládùúrà ṣe ń ṣe. Mọ́tò rẹ̀ takìtì, ó dìde. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ wò ó, kò sẹ́ni tó kú!"

Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí mo rí ìyá yẹn lẹ́nu ọ̀nà. Omi tútù ló wá rà.

"Ọmọ mi," ó wí jẹ́jẹ́, "ṣé ó dùn?"

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi gbé páàdì géèmù sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wá bàtà lábẹ́ bẹ́ńṣì, bẹ́ẹ̀ kò wọ bàtà wá. Ojú tì mí láti sọ fún un. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń bá a wá a.