Kì í Ṣe Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Ni Mo Wá Rà

Mo kórìíra kí ẹnikẹ́ni máa fi ojú àánú wò mí. Níbi iṣẹ́ mi, ilé-iṣẹ́ tí a ti ń di bisikíìtì sínú páálí ní Sango, ìdúró la fi ń ṣe é láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀rọ kì í dúró de ẹni tó fẹ́ lọ sílé ìtọ̀. Bí nǹkan oṣù mi bá sì ti dé, wàhálà dé nìyẹn. Màá lo páàdì méjì léra wọn, màá wọ ṣòkòtò dúdú lé e, ẹ̀jẹ̀ á ṣì yọ síta. Lọ́jọ́ kan òòyì kọ́ mi nídìí ẹ̀rọ, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ló gbá mi mú. Ọ̀gá wa ní, "Madam, e be like say dis work don tire you." Inú bí mi! Iṣẹ́ kò sú mi o. Ẹ̀jẹ̀ ló ń tán lára mi, mo sì pinnu pé kò ní lé mi kúrò nídìí ẹ̀rọ yẹn.

Ọ̀rọ̀ ẹnu wa ló kó bá mi. Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò wa ní Ilo-Awela, màá ní, "Ẹ fún mi ní oògùn ẹ̀jẹ̀." Oògùn ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu gbogbo wa sì ni èyí tó ń fún ara lẹ́jẹ̀, omi pupa inú ìgò yẹn. Ohun tí mo béèrè ló ń fún mi, kò jẹ̀bi. Mo kàn ń pọn omi sínú garawa tó jò ni.

Nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn, mo tún bẹ̀rẹ̀: "Dókítà, oògùn ẹ̀jẹ̀ tí mò ń lò kò ṣiṣẹ́." Dókítà obìnrin náà ní, "Èwo nínú ẹ̀? Èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ wá ni, àbí èyí tó ń dín in kù?" Ṣé èyí tó ń dín in kù wà ni? Wọ́n yẹ inú mi wò, wọ́n rí ìjú kékeré kan, ìyẹn kókó inú ilé ọmọ. Ó bi mí bóyá ẹ̀jẹ̀ ti dì sí mi lẹ́sẹ̀ rí, nítorí oògùn tó ń dín ẹ̀jẹ̀ kù kò dára fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, mo ní rárá. Ó wá kọ oògùn oníhóró kan fún mi, kí n máa lò ó lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà nìkan.

Ìyá mi wà lọ́dọ̀ mi nígbà yẹn, ó wá kí mi láti Adó-Odò. Lọ́jọ́ tí nǹkan oṣù mi dé, tí mo yọ oògùn náà, tí mo sì ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀, ó figbe ta.

"Yéè, mo gbé! O fẹ́ dá ẹ̀jẹ̀ burúkú dúró sínú? Jíjáde ló gbọ́dọ̀ jáde! Bó bá dúró, orí ló máa gbà lọ."

"Màámi, bó bá jẹ́ burúkú, kí ló dé tó fi jẹ́ pé bó bá ṣe ń jáde ni mò ń kú lọ?"

"Èmi lò ń dá lóhùn? Olóríkunkun!"

Ó gba oògùn lọ́wọ́ mi, ó lọ fi í sábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Mo lọ mú un níbẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, mo sì gbé e mì níṣojú rẹ̀. Olóríkunkun náà ni mí lóòótọ́. Kò jẹ oúnjẹ tí mo sè lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀jẹ̀ kò dáwọ́ dúró o. Ó kàn ń rọra wá bíi ti àwọn obìnrin yòókù. Mo lọ síbi iṣẹ́, mo dúró ti ẹ̀rọ títí wọ́n fi pa á, mo sì fẹsẹ̀ ara mi rìn wọlé. Ìyá mi ń ṣọ́ mi tọwọ́tẹsẹ̀, ó ń retí ìgbà tí orí mi máa dàrú. Nígbà tí mo jókòó ti aṣọ iṣẹ́ mi pé kí n fọ̀ ọ́, ó wá yẹ ìdí rẹ̀ wò. Kò rí ẹ̀jẹ̀ kankan. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, èyí tó pọ̀n mí dàgbà," ó ní, "bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe é. Gbogbo wa jókòó tì í. A ní ẹ̀jẹ̀ burúkú ni, ẹ jẹ́ kó jáde tán."

Mo dáwọ́ aṣọ fífọ̀ dúró. Mi ò mọ̀ pé ó ní ẹ̀gbọ́n obìnrin rí.

"Ó sì jáde tán," ìyá mi ní. "Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn la sin ín."