Sátidé Tí A Kì Í Dáná

Ní ilé wa, a kì í dáná ní Sátidé. Láti ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé ni bàbá mi ti máa ń wọ ilé ìdáná lọ pa iná, wọ́n á tún fọwọ́ kan ojú ààrò bóyá ó ti tutù. Mọ́ínmọ́ín àná àti ẹ̀kọ tútù la fi dàgbà. Màámi máa ń rọ omi gbígbóná sínú fúláàsì, a ó máa ṣọ́ ọ lò títí oòrùn Sátidé á fi wọ̀. Bó bá di ọjọ́ Àìkú, gbogbo wa á wọṣọ, ó di ṣọ́ọ̀ṣì. Bí a bá béèrè ìdí, bàbá mi á ní, "Èèwọ̀ ilé wa ni. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi ṣe." Mo ti kórìíra Sátidé kí n tó mọ̀wé kà.

Ìlú bàbá mi wà nínú igbó kìjikìji lápá Oǹdó. Iṣẹ́ tíṣà ló gbé wọn wá sí Ìbàdàn, wọ́n sì kọ́lé sí Àkóbọ̀. Lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn tí màámi kú, ìbátan wa kan láti ìlú fi ohùn ránṣẹ́ sí wọn lórí wásáàpù. Ó ní Júù ni wá. Ó ní àwọn baba ńlá wa ló la aṣálẹ̀ kọjá, tí wọ́n rìn títí wọ́n fi wọ inú igbó wa. Ẹ̀rí tó mú wá ni pé a kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, à ń dábẹ́ fọ́mọkùnrin, ọjọ́ kẹjọ la ń sọmọ lórúkọ, a kì í sì í dáná ní Sátidé.

Bàbá mi gbọ́ ohùn náà ní àgbọ́túngbọ́. Ara wọn ò le mọ́ lásìkò yẹn. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí láti Bódìjà, wọ́n ní kí n jókòó.

"Bí mo bá jẹ́ Júù, ọjọ́ tí mo bá kú ni kí ẹ sin mí, nínú aṣọ funfun. Ẹ ò gbọdọ̀ gbé mi sí mọ́ṣúárì nítorí ayẹyẹ. Bí mi ò bá jẹ́ Júù, ẹ gbé mi fún ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ ẹni tí mo jẹ́ kí n tó lọ. Ìwọ bá mi wádìí ẹ̀."

Orí mi dàrú. Mo mọ ibi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe ní Dùgbẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń yẹ èèyàn wò bóyá Júù ni, mi ò mọ̀ ọ́n. Mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún Alhaji, aládùúgbò bàbá mi, ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí fìlà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lórí wọn.

"Àwa náà kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀. À ń dábẹ́ fọ́mọ wa, ọjọ́ kẹjọ la sì ń sọ wọ́n lórúkọ. Àbí Júù lèmi náà?"

Inú bí mi, torí òótọ́ ni wọ́n sọ. Iná Sátidé nìkan ló kù lọ́wọ́ mi.

Ní ọ̀sán Fúráìdé kan, mo lọ bá Ìyá Challenge, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin. Àdúgbò Challenge ni wọ́n ń gbé la fi ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Àwọn nìkan ló ṣẹ́kù nínú àwọn tó bá bàbá mi dàgbà. Mo bá wọn níwájú ilé níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gúsí.

"Ìyá, ṣé Júù ni wá?"

"Ta ló pè wá bẹ́ẹ̀?"

Mo ní nítorí pé a kì í dáná ní Sátidé ni. Wọ́n gbé ẹ̀gúsí sílẹ̀.

"Ìyá wa ni," wọ́n ní. "Ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé ni iná jó wọn nínú ilé ìdáná. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni wọ́n kú. Bàbá ẹ ò tíì rìn nígbà yẹn. Bàbá wa wá ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dáná nínú ilé àwọn láàárín àkókò yẹn mọ́."

"Ìyá àgbà tí mo mọ̀ ńkọ́?"

"Ìyàwó tí bàbá wa fẹ́ lẹ́yìn náà nìyẹn. Bàbá wa ní ká má sọ fún bàbá ẹ, kó má baà rò pé òun ò níyàá. Nígbà tó wá dàgbà, ẹnu ò gbà á mọ́."

Mo béèrè bóyá bàbá ńlá wọn náà ń dáná ní Sátidé. Wọ́n ní àwọn ò bá a láyé. Nítorí náà a lè jẹ́ Júù, a sì lè má jẹ́ ẹ. Nínú mọ́tò tó ń gbé mi lọ bá bàbá mi ní Àkóbọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí àwọn Júù tí mi ò rí rí.

Bàbá mi ti pa gáàsì kí n tó dé. "Ṣé Júù ni wá?" ni wọ́n bi mí. Mo fẹ́ parọ́, irọ́ ò wá sẹ́nu mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe gbọ́ ọ. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìsìnkú ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀.

"Kí lorúkọ ìyá mi?"

Mi ò tíì béèrè ìyẹn. Mo pe Ìyá Challenge lójú ẹsẹ̀, mo sì gbé ohùn fóònù sókè kí àwa méjèèjì lè gbọ́.

"Ọmọdé ni mí nígbà náà," ni Ìyá Challenge wí. "Ìyá mi ni mo máa ń pè wọ́n. Nígbà tí wọ́n kú, bàbá wa ní kí ẹnikẹ́ni má pe orúkọ yẹn mọ́."

Bàbá mi gba fóònù lọ́wọ́ mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rántí."

A gbọ́ tí Ìyá Challenge ń sunkún. Wọn ò pe orúkọ kankan.