Ìròyìn Tí Kò Dé Orí Òkun

Lórí àwọn òpó gíga tó ń gbé iná láti Nàìjíríà wọ Sakété ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti kọ́ṣẹ́. Nígbà tó yá, ó ríṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi kan tó ń tẹ́ wáyà iná sí ìsàlẹ̀ òkun, láti Áfíríkà dé Yúróòpù. Òun wà lára àwọn tó ń so orí wáyà pọ̀. Màmá wa ní Issaba kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́.

"Ṣé omi ò ní pa iná ọ̀hún?"

"Wọ́n fi ọ̀rá àti irin wé e, Màámi. Ó nípọn tó itan mi."

Màmá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi padà sẹ́nu iṣẹ́, ikọ́ yẹn ò sì lọ. Èmi àti ọkọ mi gbé wọn lọ sílé ìwòsàn ní Pobè. Lọ́jọ́ kẹrin, kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n dákẹ́.

Àbúrò bàbá wa pè mí sẹ́yìn ilé. "Má sọ fún un. Ẹni tó ń so wáyà láàárín òkun, ọwọ́ rẹ̀ ò gbọdọ̀ gbọ̀n. Tó bá délé, a ó sọ ọ́."

Mo gbà.

Ọjọ́ kejì ìsìnkú ni ẹ̀gbọ́n mi pè láti inú ọkọ̀. "Màámi ńkọ́?"

"Wọ́n ń sùn."

"Má jí wọn. Sọ fún wọn pé ó ku ojú ibì kan tí a máa so, mo ń bọ̀."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló pè, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo purọ́. Nígbà tó pè kẹ́yìn, ó ní kí n gbé fóònù sí wọn nímú, kí òun kàn gbọ́ mímí wọn. Mo pa fóònù náà.

Ó dé lópin oṣù, ó ra aṣọ òtútù bọ̀ fún Màmá. Ó rí erùpẹ̀ tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ó jókòó sílẹ̀ tòun ti ẹrù lẹ́yìn.

"Ọjọ́ wo?"

Mo sọ ọ́. Ó fi ìka ka ọjọ́.

"Ṣé wọ́n béèrè mi?"

"Wọ́n béèrè. Wọ́n ní ṣé ẹ ti jáde nínú omi."

Àbúrò bàbá wa fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ sí wọn pé kí wọ́n dákẹ́.

"Mo mọ̀ pé ọkọ̀ yẹn ò ní yí padà nítorí mi," ó ní. "Ṣùgbọ́n ǹ bá ti sunkún lọ́jọ́ tí gbogbo yín ń sunkún."

Ó ti padà sórí òkun. Ó máa ń pè. Ó ń kí mi dáadáa, àmọ́ tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá àlàáfíà wà nílé, ọkọ mi ló ń bi.