Ẹyẹ Tí Màmá Gbé Lé Okùn Aṣọ

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa tí a fi kúrò ní Salford, ní Ìlú Ọba, èmi, Màmá mi àti Bọ̀dá Délé, aládùúgbò wa tó ni mọ́tò. Páálí bàtà wà lórí itan Màmá, ọmọ ẹyẹ wà nínú rẹ̀. Dobcross là ń lọ, abúlé kan lórí òkè tí obìnrin kan ti ń tọ́jú ẹyẹ.

Abẹ́ òrùlé wa ni ẹyẹ náà ti já bọ́ lánàá. Màmá, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìsẹ́yìn dé, ní alápàńdẹ̀dẹ̀ ni, àti pé ẹni tó bá gbà á lálejò kì í jẹ́ kí ó kú mọ́ òun lọ́wọ́. Wọ́n gbé e lé okùn aṣọ, nítorí orí wáyà ni wọ́n ti máa ń rí i nílé. Ó já bọ́. Wọ́n tún gbé e lé e, ó tún já bọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ká kò. Láti ìgbà náà ni Màmá kò ti fẹnu kan oúnjẹ. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn ló ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀.

Lẹ́yìn Oldham, ọ̀nà gun òkè, ó há débi pé bí mọ́tò méjì bá pàdé, ọ̀kan gbọ́dọ̀ dúró. Àgùntàn ń jẹko lẹ́yìn ògiri òkúta láìsí olùṣọ́. Mo ní bó bá jẹ́ Ìsẹ́yìn ni, wọn ì bá ti di ọbẹ̀. Màmá ò rẹ́rìn-ín.

"Mummy, ẹ má worry," Bọ̀dá Délé ní, "that woman sabi birds."

Jean lorúkọ obìnrin náà. Ó na ìyẹ́ ẹyẹ, ó fi hàn wá bí etí ìyẹ́ náà ṣe funfun: àmì pé ọmọ ni. Lẹ́yìn náà ó yí ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Màmá gbójú kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ká wo ìka rẹ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló kọjú síwájú, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan nínú ìka alápàńdẹ̀dẹ̀ máa ń kọjú sẹ́yìn láti fi di wáyà mú. Swift ni wọ́n ń pe èyí. Ó jọ alápàńdẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n kì í bà lé okùn, ara ògiri ló ń rọ̀ mọ́. Àwọn ìbátan rẹ̀ kan ní Éṣíà ń fi itọ́ mọ ìtẹ́ sára ihò àpáta, ibẹ̀ náà ni ọmọ wọn ń dì mọ́ títí wọ́n á fi lè fò.

Jean gbé e sára aṣọ kan tó fi kọ́ sára ògiri. Ẹyẹ náà dì í mú gbagidi.

"Màmá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kán. Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn," mo ní.

Màmá kọjú sí mi. "Èmi kọ́ ni mo ṣẹ́ ẹ?"

"Ẹ̀yin kọ́, Mà."

Wọ́n jókòó, wọ́n sunkún díẹ̀, ara tu èmi náà. Nígbà tí Jean fi ìrẹ̀ bọ́ ẹyẹ, Màmá ní ìrẹ̀ tí àwọn ń yan jẹ ní kékeré rèé, ẹyẹ yìí mọ adùn.

A fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ Jean kí ó dàgbà. Ní Oldham, Màmá jẹ mítì páì, ìyẹn ẹran tí wọ́n fi ìyẹ̀fun bò tí wọ́n yan, wọ́n sì tún gba tèmi jẹ. Ohun tí mo mú ti ìrìn àjò náà bọ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ tí kò lè dúró ló kán.

Nígbà tí a délé, àwọn swift ń ké yí òrùlé wa ká. Màmá kọ́kọ́ tú okùn aṣọ kúrò, kí wọ́n tó gbójú sókè wo àwọn ẹyẹ náà.

"Ẹ máa fò lọ o," wọ́n ní. "Ẹ má wulẹ̀ bà."